Okùn Tó Kù Lọ́wọ́ Olóyè

Olóyè Fámúyìdé fúnra rẹ̀ ló ta òkè bàbá rẹ̀ l'Ókè-Àfọ̀n fún àwọn tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Ni àwọn ará ìlú ńlá bá ń rọ́ wá sinmi, tí wọ́n ń fowó ra òtútù tó ń lé ọmọ onílùú sídìí iná. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, olóyè á máa kan ilẹ̀kùn àlejò kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ẹ sùn dáadáa? Èmi ni onílé o!"

Ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀ títí. "Olówó orí mi, bí a bá ti fa àgbò fún eégún, à á fi okùn ẹ̀ sílẹ̀."

"Eégún wo? Ṣé kì í ṣe orí ilẹ̀ mi ló ti ń jó ni?"

Lọ́jọ́ tó kan ilẹ̀kùn ọkọ àti ìyàwó tuntun lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó yọ, máníjà ránṣẹ́ pè é, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Bàbá, ẹ má kan ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ̀yin lẹ ó máa kí gbogbo àlejò káàbọ̀." Inú olóyè dùn dénú.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ń ti oko bọ̀, ó bá a lẹ́nu géètì nínú aṣọ kákì, tó ń sọ okùn tí wọ́n fi dínà kalẹ̀ fún ọkọ̀, tó tún ń fà á sókè.

"Olóyè, ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí. "Okùn tèyí ṣá, ẹ má fi sílẹ̀ o."