Ehoro Tó Fi Ohùn Àgbà Gba Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ, kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan tí èmi fúnra mi kò tíì rí ìdáhùn rẹ̀ títí dòní. Bí ẹnì kan bá tàn ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, tó tún tàn ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀kejì, tó wá sọ òótọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣé ó yẹ kí o yà fún un lọ́nà? Ẹ má tíì dáhùn. Ìbídùn, fi aṣọ àbúrò rẹ sílẹ̀, súnmọ́ ibí.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó yí gbirigbiri, ó gun òkè, ó wọ ẹrẹ̀, ó já lu Ehoro àti Òkété, ìyá ọlọ́mọ méje.

Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, wọn a máa sá eré kan lọ́dọọdún, bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ rọ̀ dáadáa. Eré náà kì í ṣe ti ojú títì o. Inú ẹrẹ̀ ni! Wọn a gun kẹ̀kẹ́ gba àárín oko, wọn a dé ibi tí igi wó dí ọ̀nà, wọn a bọ́ sílẹ̀, wọn a gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, wọn a fò ó, wọn a tún gùn ún. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: orúkọ ẹni tó bá ṣáájú ni gbogbo ìlú yóò máa fi kọrin lóko títí ọdún yóò fi yí po.

Ọdún méjì ni Ehoro ti ń ṣe ipò kejì. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fi orúkọ Etu kọrin sí i létí, nígbà ìroko, nígbà ìkórè. Ó ká a lára.

"Bí orúkọ mi kò bá di orin lọ́dún yìí," ó ní, "n ó kó kúrò nílùú!"

Bàbá Ìjímèrè ni adájọ́ eré. Ohùn rẹ̀ ti há, bí ẹni tí eérú kún ọ̀fun rẹ̀. Ó pe gbogbo wọn jọ láàárọ̀.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ó yí oko yìí po. Ẹni tó yára yóò máa bá ẹni tó ń rọra lọ lójú ọ̀nà. Ẹni iwájú kò ní ojú ní ìpàkọ́, ẹni ẹ̀yìn ló rí i. Nítorí náà, ẹni ẹ̀yìn ni kó ṣọ́ra. Kó ké 'Àgò o!' Kó sọ ọwọ́ tó fẹ́ gbà. Kó wá dúró títí yóò fi gbọ́ 'Àgò yà!' Ẹni iwájú, ìwọ má wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún. Di ọ̀nà rẹ mú."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Òkété ti wà lórí ìkúnlẹ̀, tòun ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Ehoro rí i. Ó rẹ́rìn-ín sínú.

"Ìyá Ọlọ́mọ, ìwọ náà fẹ́ sáré?"

"Mo ń gbìyànjú ni. Kí n ṣáà gbé eegun mi délé."

"Eegun nìkan? Ọ̀rá yẹn ńkọ́?"

Fèrè dún, fíííì! Wọ́n gbéra. Àwọn ọmọ Òkété méjèèje tò sẹ́bàá oko. Wọ́n gbé orin fún ìyá wọn. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá wa Òkété, rọra o,
— Yí kẹ̀kẹ́, yí i jẹ́jẹ́!
Ọ̀nà tóóró, ẹrẹ̀ pọ̀,
— Yí kẹ̀kẹ́, yí i jẹ́jẹ́!
Bí wọ́n bá ké àgò, dá wọn lóhùn,
— Yí kẹ̀kẹ́, yí i jẹ́jẹ́!

Ní ìyípo kejì, Ehoro àti Etu bá Òkété níbi tí ẹ̀gún há ọ̀nà mọ́. Etu ní, "Jẹ́ ká dé ibi tó fẹ̀."

"Ìwọ dúró!" ni Ehoro wí. Ó sún mọ́ apá ọ̀tún Òkété, ó fún ọ̀fun pọ̀, ó sọ ohùn di ti àgbà: "Hùn-ún! Àgò o! Èmi Ìjímèrè ni mò ń bọ̀!"

Háà! Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni Òkété. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. Ó ju kẹ̀kẹ́ nù, ó kúnlẹ̀, pọ̀tọ̀! sínú ẹrẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá!"

Fìrì! Ehoro ti kọjá. "Dìde o, ọmọ dáadáa!"

Etu ló dúró bá a gbé kẹ̀kẹ́ dìde. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá." Ehoro ti lọ jìnnà.

Adájọ́ wà nísàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, kò rí wọn.

Ìyá wa Òkété, rọra o,
— Yí kẹ̀kẹ́, yí i jẹ́jẹ́!

Ní ìyípo kẹrin, Ehoro tún bá a lápá ọ̀tún. Ó mọ̀ pé kò ní kúnlẹ̀ mọ́. Ó pariwo: "Ejò! Ejò wà lábẹ́ táyà rẹ!"

Òkété fò, ó di inú ẹ̀gún, wàràwàrà. Ẹ̀gún fa apá rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ejò kankan ò sí níbẹ̀. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ gbọ́ ibí yìí, mo fẹ́ kó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Kò padà. Ó nu apá, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìyípo kẹfà, èyí tó kẹ́yìn. Afárá kan wà lórí odò, ìtì igi méjì péré, kò gbà ju kẹ̀kẹ́ kan lọ. Àárín rẹ̀ gan-an ni Òkété wà, ó ń yí i jẹ́jẹ́. Ehoro yọ lẹ́yìn rẹ̀, lápá òsì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Etu tó ń bọ̀, kítíkítí. Orúkọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ó fi ohùn ara rẹ̀ ké: "Àgò o! Èmi Ehoro ni! Ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ gbà!"

Òkété ò fọhùn.

"Àgò o, Ìyá Ọlọ́mọ!"

Òkété ṣáà ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fi àwọn ọmọ yín bẹ̀ yín! Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí!"

Ìbídùn, mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. O ní ó ń gbẹ̀san. Gbogbo ìlú náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù kí afárá tán. Ehoro ò lè dúró. Ó ki táyà iwájú bọ apá òsì Òkété, ó ní òun yóò fi èjìká tì í. Táyà yọ̀ lórí ìtì igi. Jàbú! Ehoro di inú odò, kẹ̀kẹ́ di orí rẹ̀.

Etu fà sẹ́yìn. Ó dúró títí Òkété fi bọ́ sí ilẹ̀ tó fẹ̀. Ó wá ké: "Àgò o, ìyá! Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń gbà!"

"Àgò yà, ọmọ mi!"

Òkété di ọ̀nà tirẹ̀ mú, Etu kọjá wẹ́rẹ́, láìfi ara kan ara. Òun náà ló ṣáájú.

Ehoro jáde lódò, koríko omi so mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ sì di orin lọ́dún náà! Bí wọ́n bá ti gbé ọkọ́:

Ehoro já sódò o,
— Jàbú! Ó kánjú!
Àgò ló ké, kò gbẹ́sì,
— Jàbú! Ó kánjú!

Kò kó kúrò nílùú. Ìtìjú ò jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, ẹni tó bá fẹ́ kọjá lára ọmọnìkejì rẹ̀, òun ni kó ṣọ́ra. Kó ké, kó sọ òótọ́, kó dúró gbọ́ èsì kó tó kọjá. Ẹni tó ń rọra lọ náà ní ọ̀nà.

Ibí ni àlọ́ mi gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì mọ́ ògiri. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá mi lóhùn bí mo bá ké àgò lọ́la.

Mo ti di abiyamọ kí màmá mi tó sọ èyí tó kù fún mi. Òkété ò gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni. Apá òsì rẹ̀ ni Ehoro dúró sí lórí afárá tó ń ké. Etí òsì Òkété kò gbọ́ nǹkan kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.