Ewé Tí Àwẹ̀ró Mú Wá Láti Ilé

Nígbà tí Àwẹ̀ró ń lọ sílé ọkọ ní Òkè-Ìgbín, ìyá rẹ̀ já ewé asunwọ̀n, ó sá a gbẹ, ó sì dì í fún un. Ewé yìí ni wọ́n fi ń wo làpálàpá nílé wọn ní Ìdóligi, kò sì hù ní Òkè-Ìgbín. Ìyá rẹ̀ ní, "Bí àárò ilé bá sọ ọ́, tú u, kí o gbóòórùn rẹ̀."

Kò pẹ́ tí ogun dí ọ̀nà. Ọlọ́ṣẹ ni ìyá ọkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró ń bá a sẹ́ omi eérú, ó ń rò ó mọ́ àdín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà Ìdóligi.

"Ìyàwó, ọṣẹ ń jóná," ni ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń wí. "Àbí ọ̀nà yẹn ni yóò bá ọ rò ó?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo rò pé mo rí ẹnì kan ni."

"Ewúrẹ́ Baálẹ̀ lo rí."

Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé náà, Àwẹ̀ró fi wé ọṣẹ tútù kan, ó gbé e sí àjà, nítorí kòkòrò kì í fẹnu kan ọṣẹ. Ó fẹ́ kí ewé náà bá òun padà sílé lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là.

Lọ́dún kẹfà, làpálàpá bo ẹsẹ̀ méjèèjì Ìbídùn, ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ọṣẹ náà sọ̀ kalẹ̀ kí ó lè ṣí ewé ara rẹ̀. Kò rí ewé kankan. Ó ti yọ́ mọ́ ọṣẹ. Ipa iṣan rẹ̀ nìkan ló kù. Àwẹ̀ró jókòó sídìí ìkòkò, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kúrò nílé.

"Bí ewé ò bá sí, agbára rẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá ọkọ rẹ̀ bi í. "A kì í fẹnu lásán mọ ìyẹn. Fi ọṣẹ wa wẹ ẹsẹ̀ òsì ọmọ, kí o fi èyí wẹ ọ̀tún."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jinná. Tòsì ṣì ń yún un. Wọ́n wá fi ọṣẹ ewé náà wẹ tòsì, òun náà sì jinná.

Òjò ọdún náà kò tíì dá tí ọ̀nà fi là. Ọdẹ́jìmí, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, dé, ó bá a nídìí ìkòkò, eérú ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Mo wá mú ọ lọ sílé. Ìyá ń retí rẹ."

Àwẹ̀ró sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ wa dì ná."

Ọdẹ́jìmí wò ó. "Ohùn ará ibí lo fi ń dá mi lóhùn. Ewé tí Ìyá fún ọ ńkọ́?"

Ó gbé ìyókù ọṣẹ náà fún un. "Òun nìyí."

"Ọṣẹ nìyí."

"Mo mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ọṣẹ dì. Àwẹ̀ró di ẹrù, ó tú u, ó tún dì í, ó tún tú u. Nígbẹ̀yìn, ó sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé odi ìlú, ó dúró títí kò fi rí i mọ́, ó sì padà sídìí ìkòkò.

Ọṣẹ náà nìkan ni Ọdẹ́jìmí gbé dé Ìdóligi. Ìyá wọn gbé e símú, ó gbóòórùn asunwọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́, kò sì bèèrè ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń pòwe títí dòní, pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.