Òkété, Oníṣègùn Ọmú Màlúù

Àlọ́ mi já ṣòòrò bí wàrà sínú igbá, ó ta sí Òkété lẹ́nu, Òkété ní kò tó òun.

Wàrà ni ọ̀kánjúwà yìí ń fẹ́. Ẹ̀kùrọ́ kún ihò rẹ̀, àgbàdo olóko wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Màlúù ti bímọ ni ọ̀fun rẹ̀ ti ń dá tòlótòló. Oúnjẹ ìkókó ló wọ àgbàlagbà lójú!

Orí ọmú mẹ́rin ni Màlúù ní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan wú, ó le, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Bí ọmọ bá fẹnu kàn án, Màlúù a figbe ta. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ dì, ó lẹ́jẹ̀ nínú, ó sì ń rùn.

Òkété gbọ́ igbe, ó fi ewé wé orí, ó sáré dé. Oníṣègùn dé! Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Ikùn rẹ̀ ni.

Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá ìkókó. Ọmọ yín ló fa àìsàn yìí. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọmú kankan fún ọjọ́ méje. Èmi fúnra mi ni n ó máa fa wàrà burúkú náà mu. Kò dùn o! Ṣùgbọ́n kí ni a kò ní ṣe fún aládùúgbò?”

“Kí wá ni ọmọ mi yóò máa jẹ?”

“Omi. Àti sùúrù.”

Akọ Màlúù, ọkọ rẹ̀, dúró tì wọ́n, ó ń mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Ìwo rẹ̀ gùn ju làákàyè rẹ̀ lọ.

“Oníṣègùn, kí ni kí èmi ṣe?”

“Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàbá, kí ọmọ yẹn má ṣe wọlé.”

Bàbá bá dúró, ó ń lé ọmọ bíbí inú rẹ̀ kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹni tí ẹkùn ń sá fún, òkété ń rán an níṣẹ́!

Òkété wọ abẹ́ Màlúù. Kò tilẹ̀ wo apá ibi tí ọmú tó ń ṣàìsàn wà. Mẹ́ta tó dára ló dojú kọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, títí ikùn rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀. Eyín rẹ̀ ń bó orí ọmú, ọyún sì ń gbá jọ sínú èyí tó wú, tí ẹnikẹ́ni kò fún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọmú kejì wú. Ìhà ọmọ ṣeé kà.

“Ẹ ò rí i pé ó ń ràn?” ni Òkété wí. “Ó di ọjọ́ méje mìíràn!”

Ìyá arúgbó kan wá kí wọn, Ewúrẹ́ ni, ẹni tó ti tọ́ ọmọ mọ́kànlélógún. Ó wo ọmọ, ó wo ikùn oníṣègùn.

“Ṣé lóòótọ́ lẹ ń fa èyí tó dì yìí mu?”

“Lójoojúmọ́, ìyá! Ọyún, ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbé mì.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fà á ká rí i.”

“Háà! Iṣẹ́ mi kì í fẹ́ ojú.”

Akọ Màlúù ronú. Ó pẹ́ díẹ̀, kò mọ́ ọn lára. Ó wá dorí ìwo kodò. “Fà á.”

Òkété dijú, ó fà á. Ohun tó wọ̀ ọ́ lẹ́nu kò ṣeé sọ níwájú ẹni tó ń jẹun. “Ó kù,” ni Ewúrẹ́ wí. Ó tún fà á. Oró mú Màlúù, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá a, gbàmù! Òkété fò, ó balẹ̀, ó sì bì. Wàrà funfun báláú ló ń tú jáde, odò kan gbáko.

“Oúnjẹ ọmọ mi!” Akọ Màlúù ké, ó gbá tẹ̀ lé e. Òkété dé ẹnu ihò, orí wọlé, ikùn kọ̀. Ìwo bá ìdí rẹ̀ níta. Ẹ̀rù ohun tí ìwo náà ṣe ni kò jẹ́ kí Òkété máa rìn lọ́sàn-án mọ́.

Ewúrẹ́ fi omi gbígbóná ra ọmú méjèèjì tó wú, ó ń fún ọyún dànù lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Ọmọ padà sídìí ìyá rẹ̀, ó yè. Ọmú kejì san, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ gbẹ pátápátá.

Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ bá ọ jìyà, kọ́kọ́ wo bó ṣe ń sanra sí.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé nìyí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Màlúù léèrè. Kó má kàn dúró sẹ́yìn rẹ̀.