Iná tí Àwẹ̀ró Rán Níṣẹ́

Ọmọ iná là ń rán síná. A ń pa òwe yìí lójoojúmọ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó fara balẹ̀.

Ìdí-Ọdán ni, abúlé kan láàárín ọ̀dàn. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, koríko ló sì yí wọn ká. Opó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ ọdẹ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti máa sun pápá díẹ̀díẹ̀ yí abúlé ká nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí iná ńlá má baà rí nǹkan jẹ bó bá dé. Ọdọọdún ló ń ṣe é. Àfi lọ́dún kan tó kánjú, tí kò wo ibi tí atẹ́gùn kọjú sí. Iná bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì jó àká àgbàdo Ọ̀jẹ́lábí aládùúgbò rẹ̀ kanlẹ̀. Baálẹ̀ ní bó bá tún ṣáná sí koríko, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Arúgbó tó ti sin ọkọ àti ọmọ méjì sí Ìdí-Ọdán, níbo ni yóò lọ?

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, kò sẹ́ni tó sun pápá. Koríko ga ju èèyàn lọ títí dé ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, màjàlà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sójúde. Kí wọ́n tó wòye, iná ti yọ lápá àríwá. Àwọn obìnrin pọnmi títí kànga fi gbẹ. Àwọn ọkùnrin fi ẹ̀ka tútù na iná náà, ó jó ẹ̀ka mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, kí n má purọ́. Àká Ọ̀jẹ́lábí ló ń rí lójú. Síbẹ̀ ó wọ ilé ìdáná, ó mú ògúnná kan, ó lọ dúró lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn abúlé lápá àríwá. Ọ̀jẹ́lábí rí i, ó sáré wá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ fẹ́ parí èyí tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lésìí ni?"

"Dì í mú bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, má tíì jẹ́ kí n jù ú. Mo kánjú lésìí, mo sì ṣẹ̀ ọ́. Wo koríko, ọ̀dọ̀ wa ló ṣì ń tẹ̀ sí. Bí iná ọ̀hún bá sún mọ́ wa, á máa fa atẹ́gùn mọ́ra. Tí koríko bá ti yí orí sí i, kó o fi mí sílẹ̀."

Wọ́n dúró. Ooru ń bó wọn lójú, gbogbo abúlé ń kígbe pé kí wọ́n sá. Nígbà tó ṣe, koríko rọra yí orí padà sí ọ̀nà iná. Ọ̀jẹ́lábí tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ró fi ògúnná kan koríko níwájú wọn. Iná kékeré náà kọ́kọ́ ń rákòrò, ó dìde, ó sì sáré lọ pàdé èyí tó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n ga sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kú, nítorí kò sí ohun tó kù fún wọn láti jẹ.

Baálẹ̀ dé, ó ń wúkọ́. "Àwẹ̀ró, ta ló ní kó o ṣáná?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ rán omi sí i, kò gbọ́. Ẹ rán ewé sí i, ó jẹ ẹ́. Ọmọ iná ni mo rán síná. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ."

"Tí ìyá bá ń lọ, àwa méjèèjì ni," ni Ọ̀jẹ́lábí wí. "Èmi ni mo fi ọwọ́ wọn sílẹ̀."

Baálẹ̀ wo àwọn òrùlé títí. Ó ní kí wọ́n wá omi fún obìnrin náà mu. Láti ọdún yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pè é wá sun pápá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ń bínú tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, àwọn àgbà kì í rán àjèjì sí i. Ẹni tó jẹ́ ara rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí iṣẹ́ kan bá sì gbóná ju ọwọ́ gbogbo ayé lọ, wọn a pe ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, kódà bó bá ti ṣì í ṣe rí. Wọn a ní ọmọ iná là ń rán síná.