Èjí Àwẹ̀ró

Láyé ìgbà tí ọmọbìnrin kì í lọ ilé ọkọ láìsun ẹkún ìyàwó, Àwẹ̀ró ni gbogbo Òkè-Àgbẹ̀dẹ ń bẹ̀ kó kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n èjí iwájú ẹnu rẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í gbàgbé. Bó bá rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, àwọn tó ń sunkún á bá a rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ẹkún ìyàwó wọ̀nyẹn dùn! Àwọn arúgbó ṣì ń mí kanlẹ̀ bí wọ́n bá rántí wọn.

Lọ́dún kan, fọ́nrán ẹran gbígbẹ há sí ẹ̀gbẹ́ eyín èjí rẹ̀. Àwẹ̀ró fi ahọ́n ta á títí, ó sì pa á tì. Láti ìgbà náà, kò sí oúnjẹ tó jẹ tí díẹ̀ kì í há síbẹ̀. Èrìgì rẹ̀ wú. Bó bá ń rin pákò, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ló bá yéé fi pákò kan ibẹ̀.

Ọmọ́tádé, ìyálé rẹ̀, kíyè sí i.

“Àwẹ̀ró, máa rọra yọ ohun tó ń há síbẹ̀, kí o sì fi omi iyọ̀ fọ ẹnu.”

“Ìyálé mi, kò kúkú dùn mí. Ẹ ò rí i bí eyín náà ṣe funfun ni?”

Nígbà tó yá, eyín náà ń mì. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí Àyọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń lọ ilé ọkọ, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló lé ẹkún fún un. Ibi tó ti ń kìlọ̀ pé kó má gbàgbé ìyá ni eyín ti já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àyọ̀ká wo ojú ìyá rẹ̀, ó gba ẹkún náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì sun ún dópin.

Nígbà tí èrò tú, Ọmọ́tádé yí eyín náà síwá sẹ́yìn. Kò ní ihò, kò dúdú.

“Kí ló wá dé tó fi ká?” Àwẹ̀ró ń sunkún, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Eyín kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́, aya mi. Ohun tó há ló rà síbẹ̀, tó ba èrìgì jẹ́, títí kan egungun tó di eyín mú. Ilé rẹ̀ ló wó.”

Àwẹ̀ró ṣì ń kọ́ni lẹ́kún lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò tún rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe pé: “Kí eyín tó ká, èrìgì ló ti kọ́kọ́ yẹ̀.”