Ìdí Tí Adìẹ Fi Ń Gbé Orí Sókè Bí Ó Bá Ń Mu Omi

Nígbà láéláé, kí ayé tó gbó tó báyìí, gbogbo ẹ̀dá ló máa ń dorí kodò mu omi. Ọ̀nì ló ni odò, òun ló sì ṣòfin pé ẹni tó bá ti bẹnu bọ omi kò gbọdọ̀ gbójú sókè títí yóò fi yó. Ẹni tó bá gbójú sókè, ó rí olódò fín nìyẹn.

Adìẹ jẹ́ abiyamọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé. Kò sí ẹni tó ń pa òfin náà mọ́ tó o. Ṣùgbọ́n bó ti ń dorí kodò, bẹ́ẹ̀ ni Àṣá ń já wálẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Yóò mu omi tán, yóò wẹ̀yìn, ọmọ ti dín. Nígbà tó ku ọ̀kan ṣoṣo, kò lágbára ẹkún mọ́.

Ó tọ Ọ̀pọ̀lọ́ lọ, àgbà obìnrin etídò. Ó ní ó ti rẹ òun. Òfin wo ni òun rú tí ojú òun fi ń rí èyí?

Ọ̀pọ̀lọ́ ṣẹ́jú pẹ́ẹ́. “Ìyá ọlọ́mọ, òfin lo mọ̀. Làákàyè ni o ò lò.”

Adìẹ ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Bí mo bá rán ọmọ mi lódò, tó jáde tó rí i pé òjò ṣú, tó kọ́kọ́ kó igi ìdáná wọlé, ta ló sọ fún un? Ohun náà nìyẹn.”

Adìẹ ní ṣé kí òun wá rí Ọ̀nì fín ni? Ọ̀pọ̀lọ́ ní bó bá wù ú, kó máa bọ̀wọ̀ fún olódò títí ọmọ yóò fi tán.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, òùngbẹ sì lé Adìẹ àti ọmọ rẹ̀ lọ sódò. Adìẹ fi ọmọ sáàárín ẹsẹ̀, ó bu omi díẹ̀ sẹ́nu, ó gbójú sókè. Àṣá rèé tó ń bọ̀. Ó na ìyẹ́ bo ọmọ, Àṣá sì fi èékánná ha ilẹ̀ lásán.

Ọ̀nì yọrí lódò, ó ní òun rí i o.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni Adìẹ wí. Kò tilẹ̀ ní okun àtikúnlẹ̀. “Ọ̀wọ̀ yín kò dín lójú mi. Ọ̀kan yìí ló kù mí kù.”

Ọ̀nì wò ó, ó wo ọmọ, ó kùn. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n nítorí pé àbọ̀ ọ̀wọ̀ ló ṣe fún òun, kò ní mu omi àmutẹ́rùn mọ́ láé. Adìẹ ní òun gbà.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń bu omi díẹ̀, tó ń gbórí sókè, tó tún ń bù. Àwọn kan ní ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa: Àṣá ló ń wò. Kò tíì sinmi títí dòní.