Iye Tí Ẹtù Kò Lè Dá Lé Àìná

Ẹ súnmọ́ iná, àlọ́ mi ti ń bọ̀ lọ́nà o.

— Jẹ́ kó máa bọ̀, etí wa ṣí sílẹ̀.

Ó ti wọlé dé. Ó bá ẹyẹ Ẹtù wọlé, ó bá Ẹkùn wọlé, ó bá Àwẹ̀ró amọ̀kòkò wọlé, àti Àìná, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un láyé.

Nígbà náà, gbogbo ara Ẹtù dúdú, kò ní àmì kankan. Ìyẹ́ bo orí rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa díyelé nǹkan. Bí o bá fẹ́ ta iṣu, o gbé e lọ sọ́dọ̀ Ẹtù. Bí o bá fẹ́ ra ewúrẹ́, o fà á lọ sọ́dọ̀ Ẹtù. Yóò yí i po lẹ́ẹ̀kan, yóò wò ó, yóò ní, "Ó tó igba." Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tó ń tà kò ní wí nǹkan, ẹni tó ń rà kò ní bẹ̀bẹ̀.

Ẹtù wá ń sọ kiri pé, "Kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí ojú mi ò lè dá iye lé."

Lọ́jọ́ kan, Àìná lọ wa amọ̀ létí odò. Amọ̀ tó dára ti tán níbẹ̀. Ó rìn síwájú, ó tún rìn síwájú, ó wọ igbó Ẹkùn láìmọ̀. Ẹkùn mú un.

Àwẹ̀ró gbọ́. Ó sáré dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹkùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọmọ mi padà fún mi."

Ẹkùn ní, "Ohun tó bá wọ igbó mi, tèmi ni. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe ọ̀dájú. Rà á padà. Iye tí Ẹtù bá dá lé e ni màá gbà."

Wọ́n pe Ẹtù. Ẹtù yí Àìná po. Ó ní, "Apá rẹ̀ le. Ó lè pọnmi, ó lè ṣẹ́gi. Ó tó ọ̀kẹ́ owó ẹyọ mẹ́ta."

Àwẹ̀ró padà sílé. Ó ta ìkòkò, ó ta ewúrẹ́, ó ta aṣọ. Àwọn aládùúgbò bá a ru ọ̀kẹ́ mẹ́ta wá.

Ẹkùn gbà á, ó gbé e sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹtù, o ò wo ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ amọ̀kòkò ni."

Ẹtù wo ọwọ́ Àìná. "Òótọ́ ni. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yìí. Ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́ta."

Àwẹ̀ró tún gbéra. Ó padà sílé. Ó ta ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, ó ta ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Wọ́n tún ru ọ̀kẹ́ mẹ́ta wá.

Ẹkùn gbà á, ó gbé e sẹ́yìn. "Ẹtù, ọmọ yìí ṣì ń bọ̀ wá bímọ. Àwọn ọmọ náà á tún bímọ."

Ẹtù wo Àìná títí. "Òótọ́ ni. Ó ku ogún ọ̀kẹ́."

Àìná bú sẹ́kún. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ti gbìyànjú tó."

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní,

"Ẹkùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fẹ́ ra ohun tí òun náà ti ní ìpín nínú rẹ̀, ṣé wọn ò ní yọ ìpín tirẹ̀ kúrò ná?"

"Wọ́n á yọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí Ẹtù dá iye lé ohun tí mo ti fi sára Àìná. Kí ẹ yọ ọ́ nínú ogún ọ̀kẹ́ yẹn."

Ẹkùn rẹ́rìn-ín. Kí ni obìnrin tí kò nílé mọ́ fi sára ọmọ? Ó ní, "Ó dára."

"Bí Ẹtù kò bá wá lè dá iye lé e ńkọ́?"

Gbogbo ẹranko igbó ti péjọ, wọ́n ń gbọ́. Ẹkùn ní, "Ohun tí Ẹtù kò bá lè dá iye lé, kò ṣeé tà. Màá fi ọmọ rẹ sílẹ̀."

Ẹtù ní, "Ẹ gbé ẹfun wá. Ohun kọ̀ọ̀kan tó bá dárúkọ, màá fi ẹfun tọ́ àmì kan sára mi, kí n má baà gbàgbé."

Àwẹ̀ró bá dá orin. Ẹ bá mi gbè é.

Oyún oṣù mẹ́sàn-án tí mo rù,
— Ẹtù, ó tó èló?
Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi rọbí,
— Ẹtù, ó tó èló?
Omi tútù, omi gbígbóná tí mo fi wẹ̀ ẹ́,
— Ẹtù, ó tó èló?
Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́n lọ sóko, lọ sódò,
— Ẹtù, ó tó èló?

Ẹtù ń díyelé, ó ń fi ẹfun tọ́ ara. Ó tọ́ ọ sáyà, ó tọ́ ọ sí ìyẹ́ apá, ó tọ́ ọ sẹ́yìn. Oòrùn ti ń wọ̀, Àwẹ̀ró kò tíì sọ ọ́ dé ìgbà tí Àìná ń rákòrò.

Àwẹ̀ró ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo sin kí n tó bí i. Gbogbo ìgbà tí Àìná bá wúkọ́, àyà mi máa ń já. Ìjáyà yẹn ńkọ́?"

Ẹtù dúró. Ó fi ẹsẹ̀ họ orí, ìyẹ́ mélòó kan já bọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Kí ló tún kù?"

Àwẹ̀ró tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìkòkò kékeré kan jáde.

"Èyí tí Àìná kọ́kọ́ mọ nìyí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Iyọ̀ ni mo ń kó sínú rẹ̀."

Ẹtù wò ó. "Ó wọ́. Ẹnu rẹ̀ ti sán. Ó tó owó ẹyọ márùn-ún."

"Iye tí wọ́n fẹ́ rà á gan-an nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo ń ta ẹrù mi."

"Kí ló dé tí ẹ ò tà á? Ẹ ta ilé, ẹ ta ilẹ̀."

Àwẹ̀ró wò ó lójú. "Ìwọ ni o ń díyelé. Ohun tí kò jẹ́ kí n tà á, ara Àìná ni mo fi í sí. Sọ iye rẹ̀ fún mi."

Ẹtù mú ẹfun, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo Àìná. Ó họ orí, ó họ orí, títí ìyẹ́ fi tán níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó yíjú sí Ẹkùn.

"Mi ò mọ iye rẹ̀," ló wí. "Kò níye."

Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láyé.

Ojú Ẹkùn korò. Ṣùgbọ́n gbogbo igbó ló ti gbọ́ ohun tó sọ. Ó tú Àìná sílẹ̀. Kò dá ọ̀kẹ́ mẹ́fà padà, Àwẹ̀ró kò sì bèèrè rẹ̀. Ìyá àti ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ. Abẹ́ òrùlé ọ̀rẹ́ kan ni wọ́n sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì jọ lọ wa amọ̀.

Ẹtù lọ sódò, ó ń wẹ̀ kí ẹfun lè kúrò lára rẹ̀. Ó wẹ̀, wẹ̀, wẹ̀, kò kúrò. Ìyẹ́ orí rẹ̀ kò sì hù mọ́. Ojú tì í, ó sá wọ inú pápá.

Ìdí nìyẹn tí ara Ẹtù fi kún fún àmì funfun títí dòní, tí orí rẹ̀ sì pá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń bá wa díyelé mọ́. Ẹni tó ń tà á pe tirẹ̀, ẹni tó ń rà á pe tirẹ̀, wọ́n á jọ ná an títí wọn yóò fi pàdé. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ ó gbọ́ "èló ni" lórí iṣu, ẹ ó gbọ́ ọ lórí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bí abiyamọ bá pọn ọmọ kọjá, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé èló ni.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín.

— A gbọ́ ọ o. Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ.